Bí Mo Ṣe Fi Irin Búra Lórí Káàdì Májíìdì

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó sì tó àkókò kí n bì í síta. Èmi Ayọ̀ọlá tí ẹ ń rí ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ẹnu géètì Yunifásítì, tí àwọn ìyá ìjọ wa máa ń nàka sí bí wọ́n bá ń bá ọmọ wọn wí pé kó wo ọmọ gidi, olè ni mí. N kò jí owó ẹnikẹ́ni. Ipò ẹlòmíràn ni mo jí, mo sì fi irin búra pé n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fi ayé mi fún Jésù ní ìsọjí tí wọ́n ṣe ní Ẹnuwá, n kò lè gbàdúrà parí mọ́. Bí mo bá ti dé ibi tí mo ti ń tọrọ ìdáríjì, ojú Májíìdì ni mo ń rí. Ọdún 1999 ń parí lọ, gbogbo ayé sì ń pariwo pé kọ̀ǹpútà yóò dàrú bí a bá wọ ọdún tuntun. Tèmi ti dàrú tipẹ́.

Ìlódè ni ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ògúndèjì wà. Rédíò àti tẹlifísàn ni wọ́n ń tún ṣe kí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó dé, tí wọ́n sì fi kún un. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀ láti kọ́ṣẹ́. Abdulmajeed, ọmọ Ìpetumodù, tí gbogbo wa ń pè ní Májíìdì, dé lẹ́yìn mi. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí náà Bọ̀ọ̀dá ni Májíìdì ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wá. Ẹ̀gbọ́n náà ló sì máa ń to ẹ̀rọ sílẹ̀. Bó bá ti tò ó tán tó ní "ó ti yá", àbúrò kò gbọdọ̀ tún un yẹ̀ wò. Ẹni tó bá yẹ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ti fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́ nìyẹn, Ọ̀gá kì í sì í gba irú rẹ̀. Ẹ fi àṣà yìí sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ ni mo sá pamọ́ sí.

Mo jowú Májíìdì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n má fi ọ̀rọ̀ bò ó. Bí oníbàárà bá wọlé tó bá mi lórí ìjókòó, á wò yíká, á ní, "Májíìdì ńkọ́?" Bí ẹni pé àga ló jókòó síbẹ̀. Mojíre ọmọ Ọ̀gá a máa gbé oúnjẹ wá fún wa lọ́sàn-án, ẹran tó wà nínú abọ́ Májíìdì sì máa ń tóbi ju tèmi lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Èmi kò rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo máa ń wọn ẹran yẹn pẹ̀lú ojú mi lójoojúmọ́.

Nígbà tó yá, Bàbá Lágúnjú, onílé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ilé rẹ̀ nítòsí géètì Yunifásítì, fẹ́ ṣí ibi tí wọn yóò ti máa gbá géèmù. Ó ní kí Ọ̀gá bá òun wá VGA káàdì tí kò wọ́n. Káàdì yìí ni pálí onírin tí a ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà kí àwòrán lè hàn lójú rẹ̀. Bó bá dára, géèmù á máa sáré. Bí kò bá dára, á máa wọ́. Ọ̀gá rán èmi àti Májíìdì lọ sí Èkó pé kí kálukú ra ọ̀kan wá nínú àwọn àlòkù. Wọ́n ní ẹni tí káàdì rẹ̀ bá dára jù ni yóò máa darí ṣọ́ọ̀bù tuntun náà, òun náà ni wọn yóò sì kọ́kọ́ ṣe fírídọ́mù fún, ìyẹn ni pé wọn yóò gbàdúrà lé e lórí níwájú gbogbo ènìyàn pé ó ti di ọ̀gá ara rẹ̀.

Káàdì tí mo rà ń dán, mẹ́gábáìtì mẹ́jọ, ìyẹn ìwọ̀n ohun tó lè gbà sínú, ni wọ́n kọ sí i lára. Ti Májíìdì ti pẹ́ jù ú lọ, eruku kún un, mẹ́gábáìtì mẹ́rin péré ló sì ní. Mo rẹ́rìn-ín títí nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀. Mo ní, "Májíìdì, ṣé mẹ́rin ju mẹ́jọ lọ ní Ìpetumodù tiyín ni?"

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, tó bá jẹ́ ká fi táìpù lẹ́tà ni, tiyín dáa jù. Ṣùgbọ́n géèmù yàtọ̀. Tèmi yìí mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán géèmù fúnra ẹ̀, kì í dúró de kọ̀ǹpútà kó tó yà á."

N kò gbà á gbọ́. Nígbà tó lọ kírun lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ki káàdì tèmi bọ ẹ̀rọ kan, mo ki tirẹ̀ bọ èkejì, mo sì ṣí géèmù eré ọkọ̀. Ọkọ̀ tèmi ń fò látibì kan síbì kan bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ti Májíìdì ń lọ geerege. Mo rí òjìji igi lórí títì. Mo rí èéfín tó ń jáde nídìí ọkọ̀. Mo jókòó, mo ń wo èéfín yẹn, mo sì mọ̀ pé ó ti borí mi. Ká ní mo ní làákàyè ni, ǹ bá kí i kú oríire. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé òun náà ni wọn yóò tún gbàdúrà lé lórí, tí èmi tí mo kọ́kọ́ dé yóò máa gbé àga fún àwọn àlejò rẹ̀.

Ibì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ya ìlà kan sí pẹ̀lú ohun kékeré kan tí a lè fà lórí rẹ̀. Bó bá wà lápá ọ̀tún, káàdì á fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí a bá fà á dé òpin apá òsì, kọ̀ǹpútà kò ní jẹ́ kí káàdì ran òun lọ́wọ́ mọ́. Mo fà á lọ sápá òsì lórí ẹ̀rọ tí káàdì Májíìdì wà. Kò gbà mí ní àkókò kankan. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo tún un tàn. Nígbà tí Májíìdì dé, mo ní, "Ó ti yá."

Bàbá Lágúnjú dé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ilé rẹ̀ láti dán káàdì méjèèjì wò. Wọ́n gbá géèmù lórí ẹ̀rọ tèmi, ó ń wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbá. Wọ́n bọ́ sórí ti Májíìdì, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Oga, this one na photo album o!" Májíìdì na ọwọ́ sí máòsì, ó sì tún fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó yíjú sí mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé gbogbo ẹ̀ pé?"

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ yẹ iṣẹ́ mi wò ni?"

"Rárá o, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ má bínú."

Ẹ wo ẹni tó ń bẹ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ìbá jẹ́ pé mo dúró níbẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ mi ìbá ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n Májíìdì dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ọwọ́ ara òun to ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá gbà. Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù máa ń wà, nítorí náà mo jí dé ibẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn, mo yọ káàdì náà, mo dojú rẹ̀ dé, mo sì fi ẹnu sìkúrúdíráfà ha àwọn ìlà tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí wọ́n fi já. Mo dá a padà sáàyè rẹ̀. Mo tilẹ̀ gbálẹ̀.

Nígbà tí Májíìdì tan ẹ̀rọ, ojú ẹ̀rọ náà ṣókùnkùn biribiri. Ó yọ káàdì, ó sì yí i padà. Lẹ́yìn náà ló sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀gá, wọ́n ha á. Ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá ni kọ́kọ́rọ́ wà."

Inú bí Ọ̀gá gan-an. Ìdílé ológùn-ún ni wọ́n ti wá, irin ni wọ́n sì fi ń parí ẹjọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n mú sìkúrúdíráfà lórí tábìlì, wọ́n ní kí àwa méjèèjì fi kan ahọ́n ká búra. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ nà án sí. Òun gan-an ni mo fi ha káàdì. Mo yọ ahọ́n, mo fi irin náà kàn án, mo ní, "Bí mo bá mọ̀ nípa rẹ̀, kí irin yìí dá mi lẹ́jọ́." Ó korò lẹ́nu mi.

Ó kan Májíìdì, kò gbà á. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ̀sìn mi ò gbà mí láyè. Ọlọ́hun nìkan ni mo lè fi búra. Ẹ jẹ́ kí n fi Kùránì búra."

Ọ̀gá ní, "Ayọ̀ọlá tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì búra. Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?" Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ló di ọ̀daràn, èmi tí n kò bẹ̀rù nǹkan kan ni wọ́n gbà gbọ́.

Ẹ̀ ń rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀, Àmínátù, wá láti Ìpetumodù, ó kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù pé kí Ọ̀gá má fi gbogbo ọdún tí ọmọ òun fi kọ́ṣẹ́ ṣòfò. Ọ̀gá wọlé lọ. Èmi ni mo gbé e dìde, tí mo bá a gbé báàgì dé gáréèjì, kí àwọn ènìyàn lè rí i pé mo láàánú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìwọ nìkan lo ṣàánú wa. Ọlọ́hun á gbé ọ ga, ọmọ mi." Mo ní, "Àmín, Màmá." Mo ṣe àmín sí i, ẹ̀yin ènìyàn.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù náà, mo sì gba fírídọ́mù. Káàdì irú tèmi ni Bàbá Lágúnjú rà sínú gbogbo ẹ̀rọ, wọ́n sì ń wọ́ lójú mi lójoojúmọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbòmíràn. Lẹ́yìn ìsọjí ni mo lọ wá káàdì irú ti Májíìdì rà, mo kì í bọ ẹ̀rọ kan, mo sì tún rí èéfín yẹn nídìí ọkọ̀. Mo gbé orí lé tábìlì, mo sunkún. Wọ́n ní Májíìdì ń bá àwọn ènìyàn ṣáàjì bátìrì ọkọ̀ ní Ìpetumodù báyìí, pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ̀ ju tèmi lọ.

Ní àárọ̀ yìí mo ti jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá. Wọn kò nà mí, wọn kò bú mi. Wọ́n kàn wo sìkúrúdíráfà tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní kí n máa ṣáájú lọ sí Ìpetumodù, àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn láti wá bẹ ọmọ tí àwọn lé. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lápò mi, Májíìdì ni mo ń mú un lọ fún, àti orúkọ Bọ̀ọ̀dá. Èmi ni n óò máa pè é bẹ́ẹ̀ láti òní lọ, bó bá gbà kí n máa pè é. Bí kò bá dárí jì mí, n kò ní ẹjọ́ kankan láti rò.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, bí ẹ̀gbọ́n yín bá to ẹ̀rọ sílẹ̀ tó ní ó ti yá, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bó bá bínú, ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin náà, Màmá Àmínátù, ẹ gba àdúrà tí ẹ ṣe fún mi ní gáréèjì padà. Ọmọ yín ló ni ín.