Àmì Kan Tí Mo Nù Kúrò Nínú Kólàmù Thenmoli

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má tíì tan fìtílà yẹn. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun láti ìgbà Dípáfálì, àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀ wa, ní ọdún tó kọjá, bí n kò bá sì pọ̀ ọ́ lónìí, ẹ̀rù ń bà mí pé òun ni yóò gbé mi mì. Thenmoli tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún kò ṣẹ ìyá àgbà rẹ̀. Èmi Kathiravan ni mo purọ́ mọ́ ọn.

Ẹ rántí pé àwa méjèèjì la jọ ń du à ti ya kólàmù, àwòrán ìyẹ̀fun orí ilẹ̀, sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yunifásítì yìí. Mo fi kọ̀ǹpútà ya tèmi, ó lọ́jú pọ̀ bí àlọ́ tí kò ní ìtumọ̀. Ẹ yan tirẹ̀, èyí tí ìyá àgbà rẹ̀ fi kọ́ ọ. Sugumaran tí a jọ ń gbé yàrá kan kò jẹ́ kí n sinmi. “Kathir, ìyá arúgbó tí ò mọ̀wé ló fẹ̀yìn ẹ gbálẹ̀ yìí o. Lọ fi kọ̀ǹpútà ẹ dáná.”

Gbogbo wa la mọ̀ pé a máa ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì to àmì róbótó-róbótó sílẹ̀, kí a tó fa ìlà kan ṣoṣo tí yóò yí gbogbo wọn ká, tí yóò sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé Thenmoli, ẹni ilé ni àmì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti tò ó tán, wọn kì í tún un kà, torí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èyí tí ìlà kò bá yí ká, ẹni ilé kan ti bọ́ síta nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi níbi tí a ti ń jẹ tósè, tó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó fi ṣeré sọ fún mi, òun ni mo fi ṣe é níbi.

Nígbà tí ó to àmì tán, ó lọ wọ sárì rẹ̀. Sugumaran ṣọ́ ilẹ̀kùn. “Ṣe é kíá,” ó ní, “ẹ̀rín lásán la fẹ́ rín.” Mo fi àtàǹpàkò nu àmì igun òsì kúrò. Thenmoli padà dé, kò kà á, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fà á lójú gbogbo yín. Nítorí àmì tó sọnù, ìlà náà yà, ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó yí gbogbo wọn ká, àmì kan ṣẹ́ kù síta gedegbe. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wo ilẹ̀ títí, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, “Ta ló wà níta?”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n pè é láti Taiping, ìlú wọn. Ìyá àgbà tó ti ń ṣàìsàn sùn, kò jí mọ́.

Ẹ̀yin ará, ìyẹn kọ́ ló burú jù. A lọ kí wọn nílé ọ̀fọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó ti gbọ́ nípa àmì tó ṣẹ́ kù síta, kọjú sí mi: “Ọmọkùnrin, ìwọ wà níbẹ̀. Ṣé ọmọ yìí tún àmì yẹn kà?” Thenmoli ń wò mí bí ẹni tí odò ń gbé lọ ṣe ń wo etí odò. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo ní, “Ó kà á, bàbá. Mo rí i.” Ìyá Thenmoli gba abọ́ ìyẹ̀fun ìyá àgbà tó gbé dání lọ́wọ́ rẹ̀ lójú wa níbẹ̀, láti ọjọ́ náà kò sì jẹ́ kí ó ya kólàmù lẹ́nu ọ̀nà wọn mọ́. Nínú bọ́ọ̀sì, Sugumaran kò bá mi ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní, “Kathir, ìyẹn ò sí nínú eré tá a jọ ṣe o.”

Láàárọ̀ àná, mo rí àmì kan tó dá wà níta ìlà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Mo ní, “Màmá, ẹ gbàgbé ọ̀kan.” Wọ́n rẹ́rìn-ín: “Ojú ló ń ṣe bàìbàì, ọmọ mi. Èwo nínú wa ni?” Èmi tí mo máa ń ní n kò gba nǹkan wọ̀nyí gbọ́, láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ ni mò ń yọ́ lọ gbọ́ bóyá wọ́n ṣì ń mí.

Ẹ̀yin àbúrò, eré tí a bá ní láti ṣọ́ ilẹ̀kùn fún kì í ṣe eré. Ẹ sá fún un.

Thenmoli, lọ́la ni n ó lọ sọ ọ́ ní Taiping, lójú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Abọ́ ìyẹ̀fun kan nìyí. Mo ti to àwọn àmì síbí bí o ṣe tò wọ́n lọ́jọ́ náà, mo sì ti dá àmì igun òsì padà. Jọ̀wọ́, wá fi ọwọ́ ara rẹ fà á, kí o rí i. Ìyá àgbà kò fìgbà kan wà níta. Èmi ni.