Sòbìyà Tí Mo Fi Pa Mọ́

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ní Bobè níbí, inú odò la ti ń pọn omi tí à ń mu. Ẹ gbọ́, kò sí pọ́ǹpù kankan. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi tí ẹ ń ráhùn pé pọ́ǹpù le jù láti tẹ̀... ẹ kú iṣẹ́.

Sòbìyà sì pọ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Aràn gígùn ni, tínrín bí òwú, á dá ihò sí ẹsẹ̀ èèyàn, á yọ orí síta. Igi kékeré la fi ń wé e jáde, díẹ̀díẹ̀, ní àràárọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti wá láti Bantè, wọ́n kìlọ̀: ẹni tó bá ní in kò gbọdọ̀ wọ odò, nítorí inú omi ló ń gbà dé ara ẹlòmíràn.

Katikíìsì ń kọ́ wa fún ìrìbọmi nígbà náà. Ọmọ Savalou ni, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn wá. Ó máa ń sọ ìtàn àwọn onígbàgbọ́ ìṣáájú, bí wọ́n ṣe nà wọ́n, bí wọ́n ṣe jù wọ́n fún kìnnìún, tí wọ́n ń kọrin. Èmi òmùgọ̀, mo ní, háà, ìyà ló ń sọni di mímọ́! Nígbà tí sòbìyà yọ sí ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo fi ìró bò ó. Mo ń wọ odò, mo ń pọn omi, mo ń fara dà á fún Ọlọ́run... Ta ló rán mi?

Ọjọ́ tí katikíìsì rí ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o wọ odò?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àwọn ará ìṣáájú ò wá ìyà kiri. Ìyà ló wá wọn dé ilé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, tí ará ìlú sá, àwọn ló dúró tí wọ́n ń bu omi fún aláìsàn. Ìwọ ńkọ́, irú omi wo lo bù fún wa?"



Nígbà tí ọdún yípo, sòbìyà yọ sí orúnkún ìyá mi. Àsìkò iṣu gbígbìn ni. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìyá mi ní, "Ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Lọ mú igi wá, kí o máa bá mi wé e."

Mo ń wé e ní àràárọ̀. Èèyàn ò gbọdọ̀ kánjú, bó bá já, ẹsẹ̀ á wú. Mo pọn omi, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo gbin iṣu ìyá mi. Ọjọ́ ìrìbọmi pé ní Savalou, àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Èmi ò lọ. Ó dùn mí.

Lónìí, ẹ ń gun alùpùpù lọ sí ìsọjí ní Gouka, ẹ ń wá iṣẹ́ ìyanu. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ara ẹni tó wà nílé ò bá yá, ta ló ń jókòó tì í? Ẹ má wá ìyà, ẹ̀yin ọmọ mi. Bó bá bá ẹnìkejì yín, ẹ má sá.

Ọdún kejì ni mo tó gba ìrìbọmi. Àlùfáà bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ìgbàgbọ́. Mo ní ìyá mi ni. Ìyá mi ò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí títí ó fi kú.