Sányán Tó Gbé Ilé Ọmọ Mi Dání

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ ná kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí Ọlọ́run ṣe irú èyí fún tí kò bá tètè dúpẹ́, abaramóorejẹ ni. Ẹ mọ̀ mí, èmi Ìyá Sámúẹ́lì tó ń ta obì ní Ọjà'ba.

Sámúẹ́lì ọmọ mi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, akọ̀wé ni, síbẹ̀ yàrá kan ṣoṣo lòun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ń gbé nínú agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Ẹni tó bá fẹ́ jáde lóru á fo ọmọ. Ó wá gba fọ́ọ̀mù ilé tuntun kan lẹ́yìn ìlú. Wọ́n ní kó san ọgọ́rin pọ́n-ùn sílẹ̀ ná, á máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ogún péré ló ní. Mo ní kó fi ọgọ́ta tó kù sílẹ̀ fún mi.

Ó ní kí n máa tọ́jú owó náà sí báńkì. Mo ní ta ló mọ ìyá ẹni tó jókòó síbẹ̀? Èmi ọlọ́gbọ́n, mo rán àpò pẹlẹbẹ mọ́ inú ìró sányán ìgbéyàwó mi, mo kó owó sí i, mo rán ẹnu ẹ̀ pa, mo ká aṣọ sínú àpótí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ẹ wo ọgbọ́n!

Fúráídè ni gbèdéke. Mo lọ ra obì lábúlé, ọ̀sán Tọ́sìdè ni mo dé. Mo ṣí àpótí, kò sí sányán! Mo figbe ta.

Ìyáálé ilé wa ní, "Kí ló ń ṣe ọ́? Ìyá àgbà kan ló kú ní Pópó Yemọja. Wọ́n wá yá aṣọ tí wọ́n máa fi tẹ́ ẹ, mo bá mú tìẹ fún wọn. Ṣé a kì í yá ara wa ní nǹkan ni?"

Òtítọ́ ló sọ. Tí àgbà bá kú, ẹ̀yin náà mọ̀ pé aṣọ iyì gbogbo agbo ilé la ń yá ta sára ògiri àti bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n bá sin ín tán, wọ́n á dá a padà.

Mo sáré gba Bere kọjá, mi ò dá ẹni tó kí mi lóhùn. Mo dé ilé òkú, mo wo ògiri, mo wo bẹ́ẹ̀dì, n kò rí i. Àṣé ara òkú gan-an ni wọ́n ró o mọ́! Àwọn tó tẹ́ ẹ rò pé tirẹ̀ ni. Pósí ti wà nílẹ̀. Aago mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ gbé e jáde, aago mẹ́ta sì ti lù.

Kí ni mo fẹ́ wí? Tí mo bá ní kí wọ́n bọ́ ọ, wọ́n á ní mo ń bá òkú du aṣọ. Tí mo bá ní owó wà nínú ẹ̀, ọwọ́ mélòó ni yóò débẹ̀ kí tèmi tó dé? Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ìyá yìí ró ilé ọmọ mi lọ sọ́run." Omijé ń dà. Àwọn èèyàn ní kí n mọ́kàn le.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mọ́tò fi dúró níta. Àkọ́bí òkú ló dé láti Òṣogbo, obìnrin ni. Ó sunkún, ó nujú, ó wá tẹjú mọ́ aṣọ.

Ó ní, "Aṣọ ta lẹ ró fún ìyá mi? Mo ti mú èyí tí òun fúnra ẹ̀ ní ká fi sin òun wá. Aṣọ àyálò ò gbọdọ̀ bá a lọ. Ẹ bọ́ ọ, ẹ dá a padà fún olóhun!"

Halelúyà! Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o! Mi ò la ẹnu! Ẹni tó wá yá a nílé wa nawọ́ sí mi, wọ́n ká sányán lé mi lọ́wọ́, mo tẹ ibi àpò, bébà dún lábẹ́ ìka mi. Ìgbà yẹn ni mo wá bú sẹ́kún gidi. Obìnrin náà dì mọ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ìyá mi tó báyìí." Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo tẹ̀lé wọn dé itẹ́ òkú, mo sì kọrin ju àwọn ọmọ òkú lọ.

Láàárọ̀ Fúráídè, Sámúẹ́lì sanwó, ó gba rìsíìtì. Mo sọ ibi tí owó náà dé fún un. Ó ní, "Màámi, báńkì tí mo wí ńkọ́?" Ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Wọ́n ti kó lọ sílé tuntun náà. Mo lọ kí wọn lánàá. Ìyàwó ọmọ mi, tó ti fi ọdún méje pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn kọ́tìnì, mú mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó tún tì í. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ilẹ̀kùn lásán o! Ará, ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ fi ògo fún Ọlọ́run tó bọ́ ilé lára òkú, tó fi wọ alààyè!