Ìparí Tí Mi Ò Fi Ránṣẹ́

Nínú ọkọ̀ Lálúpọn ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí àwọn ìyá méjì tó ń kọ ìtàn jókòó sẹ́yìn mi.

"Gbogbo ẹgbẹ́ wa lórí Wasáàpù ló ní ìparí ìtàn mi dùn," ni èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn wí, inú ń bí i.

"Ó kúkú dùn, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣebí a ti ní ká máa gbé ara wa lárugẹ."

"Ìparí wo? Mo gbàgbé ni, mi ò fi ìparí ránṣẹ́! Ibi tí ìyàwó ti kan ilẹ̀kùn lọ̀rọ̀ já sí, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé ta ló ṣí i fún un."

Ó yíjú sí àbúrò. "Ìwọ tó o ní ìparí ẹ̀ pa ẹ́ lẹ́kún, kí lo kà tó o fi sunkún?"