Jẹ́ẹ̀tì tí Mo Pààrọ̀ nínú Ọkọ̀ Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ olóko ọ̀pẹ Ìkọ̀yà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì dà nínú mi. Àgbà ti dé sí mi, n kò sì fẹ́ gbé e lọ sí sàréè. Èmi Ambrose mẹkáníìkì ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má bàa yí i padà nígbà tí mo bá rí ojú yín. Ẹ jẹ́ kí n kà á tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ní oṣù tó kọjá ni Rose, àbúrò mi obìnrin kan ṣoṣo, kú ní ìlú Òde-Ayé. Mùsùlùmí ni Màmúdù ọkọ rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ tó kú gan-an ni wọ́n sin ín. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ bò ó. N kò sunkún lójú wọn. Ẹkún wà nínú mi, ṣùgbọ́n n kò rò pé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ẹ rántí ọkọ̀ Pijó akẹ́rù tí ẹgbẹ́ fi ń kó epo pupa lọ sí Okitipupa. Màmúdù ló ń wà á, èmi ni mò ń tún un ṣe. Ó di ìgbà kan, ọkọ̀ náà ń húkọ́ bó bá ń gun òkè, a sì máa kú sójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ìdọ̀tí ti wọ kabúrétọ̀ rẹ̀, níbi tí pẹtiróòlù ti ń pàdé afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Mo yọ ọ́ kúrò, mo tú gbogbo ara rẹ̀ palẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ńtì, mo sì fọ̀ wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó ku jẹ́ẹ̀tì. Idẹ kékeré ni, ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ihò yẹn ló sì ń díwọ̀n ohun tí ọkọ̀ yóò mu. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé, "Ẹnu ni kí o fi fẹ́ ẹ. Bí kò bá là, fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tì í. Irin kò gbọdọ̀ kàn án." Mo fi ìgbálẹ̀ tì í, ìgbálẹ̀ ṣẹ́ sínú rẹ̀. Ojú sì ń kán mi, nítorí mo ti fọ́nnu fún alága wa, Bàbá Olúsànyà, pé ọkọ̀ á dáhùn kí oòrùn tó wọ̀. Mo gé wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, mo fi gún un, mo sì ń yí i. Ìgbálẹ̀ jáde, idẹ bá a jáde. Mo rí ẹ̀rún idẹ tó ń dán lórí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo nù ún mọ́ ṣòkòtò.

Mo to kabúrétọ̀ padà, mo fi gaskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, mo ń yí ìdè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi ń mí déédéé. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ti ń mu pẹtiróòlù bí ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa. Èéfín dúdú ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Mo tú plọ́ọ̀gì rẹ̀ wò, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo mọ̀ pé èmi ni mo sọ ihò yẹn di gbòòrò. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìbá parí rẹ̀: "Mo ṣe àṣìṣe." Ṣùgbọ́n èmi tí mo lọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà, tí mo máa ń fi àwọn mẹkáníìkì yòókù ṣe yẹ̀yẹ́ pé agbára ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ọpọlọ, ojú tì mí láti sọ ọ́.

Ní ìpàdé, Bàbá Olúsànyà béèrè pé, "Pẹtiróòlù tí ọkọ̀ ń fi lọ tó ń fi bọ̀ tẹ́lẹ̀, àlọ nìkan ló ń tó báyìí. Níbo ló ń gbà lọ?"

Ẹnìkan dáhùn lẹ́yìn pé, "Bóyá Màmúdù ń fi ro púpurú jẹ ni."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní, "Ẹ bi àwọn ọlọ́kadà Òde-Ayé. Àwọn ló ń tà á fún."

Alága kọjú sí mi. "Ambrose, àbí ọkọ̀ ló ń mu ún?"

Mo ní, "Bàbá, kò sí àléébù lára ọkọ̀."

Màmúdù dìde. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ bu pẹtiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ fa rọ́bà láti inú rẹ̀ wọ kabúrétọ̀. Kí Bàbá fúnra wọn jókòó tì mí dé Okitipupa. Ẹ ó fi ojú ara yín rí ẹni tó ń mu ún."

Lẹ́yìn náà ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe ọkọ àbúrò yín lólè. Ẹ bá mi yẹ kabúrétọ̀ yẹn wò dáadáa." Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá mu kẹ́ẹ̀gì gbẹ, ẹ ó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì mìíràn, yóò sì rí ojú wáyà lára jẹ́ẹ̀tì. Mo lọ sí Okitipupa, mo yọ jẹ́ẹ̀tì tó dára lára Pijó kan tí wọ́n ti pa tì. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìdánwò, mo ń fi í sí i nígbà tí Rose gbé oúnjẹ dé. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ọlọ́run á san án fún yín." Ó wo idẹ méjì tó wà lọ́wọ́ mi. "Èwo ló bàjẹ́ níbẹ̀?"

Mo ní, "Kò sí èyí tó bàjẹ́. Mo kàn ń fọ̀ ọ́ ni."

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ lọ, ó bọ̀, pẹtiróòlù ṣì pọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Màmúdù tẹ̀ ba, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wí nǹkan."

Mo ní, "Ọkọ̀ kì í purọ́."

Gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń pè é ní Màmúdù Kẹ́ẹ̀gì. Kò sí ẹni tó tún gbé ọkọ̀ fún un. Awakọ̀ tó mọ gbogbo kòtò ọ̀nà yìí di ẹni tó ń bá wọn ro oko olóko ní Òde-Ayé.

Nígbà tí Rose ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbí, ó yà sọ́dọ̀ mi. Kò jókòó. Ó ní, "Bùọ̀dá, méjì ni mo rí lọ́wọ́ yín. Bí mo bá sọ fún ọkọ mi, n kò ní ẹ̀gbọ́n mọ́. N kò ní sọ ọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́." Kò tún mẹ́nu bà á mọ́ láéláé. Ọdọọdún ló ń fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí mi, mo sì ń jẹ ẹ́. Ó dúró dè mí títí ó fi kú.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmúdù. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Rose mọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ bojú. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe inú yàrá mi lẹ ti pè mí lólè."

Ìdí nìyẹn tí mo fi wà níwájú yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀, ẹ óò ba nǹkan jẹ́, kò sí oníṣẹ́ tí kì í ba nǹkan jẹ́. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí kò tíì ju idẹ kékeré kan lọ. Èmi dá a dúró, ó sì jẹ ayé ènìyàn méjì.

N kò bẹ̀ yín fún ara mi lónìí. Màmúdù kò jí pẹtiróòlù yín rí. Òun ló jókòó lórí àga ìwájú yẹn, tí ẹ ń ṣe bí ẹni pé ẹ kò rí i láti ìgbà tó ti wọlé. Ẹ fi mí sílẹ̀ ná. Ẹ dìde, kí ẹ kí i.