Bíà Ewúro tí Rufus Pè ní Kíkan

"Ẹ jẹ́ kí n dúró," ni Rufus Adébùsóyè wí nígbà tí wọ́n gbé àga wá fún un. "Ohun tí mo bá wá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jókòó sọ. Ó ti pẹ́ nínú mi, ó ti di egbò. Ilẹ̀ sì ti ń ṣú lọ fún mi. Bí mi ò bá tú u sílẹ̀ lónìí, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò máa ru ẹrù mi kiri lẹ́yìn tí mo bá ti lọ."

Inú sítọ́ọ̀ kòkó àtijọ́ kan nílùú Oǹdó ni ó ti ń sọ̀rọ̀, èyí tí ọ̀dọ́bìnrin kan, Ṣìkẹ́mi, sọ di ilé ìpọnbíà. Ọ̀sán Sátidé ni. Àwọn aládùúgbò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn oníbàárà díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sì wà láàárín wọn. Ṣìkẹ́mi fẹ̀yìn ti táǹkì, ó ká apá mọ́ àyà. Kìtán, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, kò wọlé, kò sì lọ. Agnes, ìyàwó Rufus, wà nítòsí rẹ̀, ó di báàgì ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí.

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó, ẹ ní láti mọ ẹni tí Rufus jẹ́. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, Arakale ni ilé bàbá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọtí ńlá kan ni ó ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó máa tọ́ bíà wò lọ. Bí Rufus bá ní ó dára, wọn a rọ ọ́ sínú ìgò. Bí ó bá mirí, wọn a dà á nù. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé Rufus lè ṣí ìgò kan, kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó sì sọ fún ọ pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pọn ọtí inú rẹ̀. Irọ́ ni o, ṣùgbọ́n irọ́ tó dùn mọ́ ọn ni, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀ rí.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, ibà dá Rufus náà wó. Ibà lọ, ṣùgbọ́n ó mú imú rẹ̀ lọ, ó sì mú ahọ́n rẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kan, ìkòkò ẹ̀wà jóná sórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín bo ilé, òun sì ń ka Bíbélì rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Agnes sáré wọlé.

"Bàbá Bísọ́dún, ṣé ẹ ò gbóòórùn ni?"

Rufus wo ìkòkò, ó wo ìyàwó rẹ̀. Omi lé sí i lójú. "Agnes, jọ̀wọ́, má sọ fún ẹnì kankan. Imú yìí ni mo fi ń jẹ́ Rufus."

Láti ìgbà náà ni ayé ti dà bí ohun tí ó ń wò láti inú dígí. Ọbẹ̀ dà bí omi gbígbóná, ọṣẹ dà bí òkúta. Ojú àlá nìkan ni nǹkan ti ń ní òórùn mọ́. Bí ó bá sùn, òórùn ọkà tí wọ́n ń sè a rọra wọlé, ti aṣọ òkè ìyá rẹ̀ nínú àpótí a tẹ̀ lé e, ti òjò àkọ́rọ̀ lórí eruku títì Arakale a sì dé kẹ́yìn. A máa rìn láàárín wọn bí ẹni tó wà nínú ọgbà. Bí ó bá wá jí, a na ọwọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n wọn a ti fò lọ.

Inú ipò yìí ni ó wà nígbà tí ìlú le. Epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n, oúnjẹ tẹ̀ lé e, ọkà báálì tí wọ́n fi ń pọn bíà, tó ń ti òkè òkun wá, sì di ohun tí ẹni kékeré kò lè dábàá rẹ̀ mọ́. Ní àkókò yẹn gan-an ni Ṣìkẹ́mi ṣí ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, tó ní òun yóò pọn bíà. Kìtán, tó kọ́ nípa oúnjẹ ní yunifásítì, ni ó ń pọn ọ́n. Ó ní kí wọ́n má dúró de òkè òkun: ọkà bàbà wà lọ́jà, ewúro wà lẹ́yìn ilé. Ṣìkẹ́mi ní kí wọ́n fi kòkó sí ọ̀kan nítorí bàbá wọn, torí kòkó ni bàbá fi tọ́ wọn dàgbà. Bíà mẹ́ta ló wà ní táǹkì nígbẹ̀yìn: ti ọkà bàbà lásán, ti ewúro, àti ti kòkó. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá sì fi lọ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń wí: "Ẹ lọ pe Rufus ní Àkúrẹ́."

Ó yẹ kí ó sọ pé òun kò lè lọ. "Ẹnu mi ni mo fi pa ara mi," ni ó wí fún àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. "Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ: ọmọ mi, ara mi ò yá. Kò wúwo rárá. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé wọ́n ṣì rántí mi."

Ọjọ́ tó dé Oǹdó, ọyẹ́ ti bo ìlú bí aṣọ funfun, òrùn sì ń tàn láti òkè bí àtùpà tí wọ́n fi sẹ́yìn kọ́tìnnì. Wọ́n gbé àga fún un láàárín sítọ́ọ̀. Ìtànṣán gba ihò páànù wọlé, ó ń ta lórí ìfófòó bíà inú gíláàsì, gbogbo ilé sì dákẹ́ bí ìgbà tí àlùfáà bá fẹ́ súre. Kìtán ló gbé gíláàsì wá. Ó tẹ ẹnu mọ́ etí Rufus, ẹni tí gbogbo ọ̀dọ́ ń pè ní Dádì.

"Dádì, ti kòkó yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ó jọ pé ó ti ń kan. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò dáadáa, torí Àǹtí mi ò ní gbà á lẹ́nu mi."

Rufus mu ti ọkà bàbà. Tútù ni ó gbọ́, àti bí ó ṣe ń ta á lẹ́nu. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó di ojú rẹ̀. Nínú òkùnkùn yẹn, ó rántí bíà kan tó mu nígbà èwe rẹ̀, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́, òun ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ: bó ṣe ń wọlé bí afẹ́fẹ́ àfẹ̀mọ́jú, bó ṣe ń rántí oko, bí adùn rẹ̀ ṣe ń kẹ́yìn bí ẹni tó ń juwọ́ látòkèèrè. Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀. Ẹlòmíràn di ojú tirẹ̀ náà. Rufus gbádùn ohùn ara rẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé bíà náà wà ní ẹnu òun lóòótọ́.

Ó mu ti ewúro, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mu ti kòkó, bákan náà. Ó wo ojú Ṣìkẹ́mi, ó rí i pé lórí ti kòkó ni gbogbo ìrètí rẹ̀ wà. Ó rántí ohun tí Kìtán sọ sí i létí, inú bí i. Ta ni ọmọdé yìí tí yóò máa kọ́ Rufus ní ohun tí Rufus yóò sọ? Ó sì rò ó pé bí òun bá yin gbogbo rẹ̀, wọn a ní àgbà ti ń ṣàánú ni. Adájọ́ tí kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀?

"Ti kòkó ni ọba wọn," ni ó wí. "Òun ni kí ẹ fi ṣílé. Ṣùgbọ́n ti ewúro yìí ti kan. Ẹ dà á nù kí ó má baà ba orúkọ yín jẹ́."

Wọ́n ṣí ẹnu táǹkì sí gọ́tà. Bíà ewúro ń ṣàn lọ láàárín ọyẹ́, ìfófòó funfun bo ojú rẹ̀, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni pé ó mọ ibi tó ń lọ. Kìtán bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ bu u, ó fi kan ẹnu.

"Dádì, kò kan."

Rufus rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ahọ́n inú ìwé lo fi ń tọ́ ọ wò." Gbogbo ilé bá a rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ ìṣílé, bíà kòkó ni wọ́n gbé síwájú àlejò. Ẹni àkọ́kọ́ tu tirẹ̀ sílẹ̀. Èkejì gbé e mì, ó ronú. Kí ọjọ́ tó rọ̀, inú ti ń run àwọn mélòó kan, àwọn ọ̀dọ́ sì ti sọ ọ́ ní "bíà ọbẹ̀ àná." Àwọn onílé ìtura tó ti ṣèlérí pé àwọn yóò máa rà á wọ mọ́tò wọn lọ. Ṣìkẹ́mi pe Rufus lórí fóònù, ó ń sunkún.

"Dádì, ṣé bí ó ṣe rí nìyí nígbà tí ẹ tọ́ ọ wò?"

Ọ̀nà àtisọ òtítọ́ tún ṣí sílẹ̀ fún un. Rufus kò gbà á.

"Ọtí tí mo tọ́ wò kọ́ nìyẹn," ni ó wí. "Bi àbúrò rẹ léèrè ohun tó dà sí i. Mo dá tirẹ̀ lẹ́bi níwájú èrò, inú rẹ̀ kò sì dùn."

Bí Rufus ṣe sọ èyí ní sítọ́ọ̀ lọ́sàn-án Sátidé yẹn, ìkùnsínú bẹ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Agnes tẹrí ba. Rufus gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ ò tí ì gbọ́ èyí tó burú jù."

Ṣìkẹ́mi lé àbúrò rẹ̀ jáde. Ó ní ó ń jowú òun, ó ní ó ba orúkọ bàbá wọn jẹ́. Kìtán kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ipogun, ó ń bá ẹbí ìyá wọn dáko. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó yà ní Arakale. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ Rufus.

"Dádì, ẹ gbà mí. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ohun tí mo sọ nípa kòkó yẹn. Ẹ ṣáà pe Àǹtí mi, kí ẹ ní mo sọ ọ́. Mi ò ní béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Agnes gbé omi wá, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀. Rufus, alàgbà ìjọ, wo ọmọkùnrin tó wà nílẹ̀.

"Mi ò rántí pé o sọ nǹkan kan fún mi," ni ó wí. "Ẹ̀mí èké ló ń dà ọ́ láàmú. Sún mọ́ bí, kí n gbàdúrà fún ọ."

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì gbàdúrà. Àdúrà gígùn ni. Ó bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ irọ́ pípa. Ó ń gbọ́ bí èjìká Kìtán ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì dákẹ́. Nígbà tó ní "ní orúkọ Jésù," Kìtán ṣe àmín, ó dìde, ó dúpẹ́, ó lọ. Agnes dá omi padà sí kíṣíìnì. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ó ti ń sùn ní yàrá àwọn ọmọ.

"Ó ṣe àmín o," ni Rufus wí nínú sítọ́ọ̀. "Ẹni tí mo pa, òun náà ló ṣe àmín sí i."

Ó ju ọdún kan lọ tó fi gbé bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn òjò, ìyàwó rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ nínú ìró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú àpótí. Nǹkan kan yọ́ wọ imú rẹ̀. Kánfọ̀ tí wọ́n ń fi sínú àpótí aṣọ ni. Lẹ́yìn kánfọ̀ ni ilẹ̀ tútù, lẹ́yìn ilẹ̀ tútù ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹnì kan ń dín níbì kan. Ó dúró lójú títì bí ẹni tó ń sùn rìn. Ó rò pé àlá ni, ó ń dúró kí ó jí, òórùn náà kò sì lọ. Ó bú sẹ́kún.

"Agnes! Ó ti padà. Mo ń gbóòórùn ìró rẹ."

Agnes yíjú sí i. Kò rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run ṣeun. Imú tó dá padà fún yín yìí, Bàbá Bísọ́dún, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Wọn kò dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ipogun ni wọ́n wọ mọ́tò lọ. Kìtán wà nínú oko, ó ń kọ ebè. Rufus kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ oko níwájú ọmọ tó lè bí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kìtán gbọ́ ọ tán, ó gbọn erùpẹ̀ ọkọ́ rẹ̀ nù.

"Ẹ dìde, Dádì. Èmi ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni kí ẹ sọ ọ́ fún."

Bí wọ́n ṣe dé Oǹdó ní Sátidé yẹn nìyẹn.

"Ṣìkẹ́mi, ọmọ mi," ni Rufus wí, ó sì dọ̀bálẹ̀, arúgbó tí eékún ń dùn, "àbúrò rẹ kò da nǹkan kan sí ọtí. Ó kìlọ̀ fún mi. Èmi ni mi ò ní ahọ́n, tí mo fi ahọ́n tí mi ò ní dá a lẹ́bi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Kìtán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níbí, bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀. Ẹ̀tẹ́ rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀tẹ́ ìṣẹ́jú kan tí mo sá fún ni mo fi ra gbogbo wàhálà yìí."

Ṣìkẹ́mi kò wo arúgbó tó wà nílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń wò. Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Kìtán, ṣé o ti jẹun?"

Kìtán mirí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó tún gbé èkejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdé rẹ̀ láàárín ilé, ó gbá a mú lọ́rùn, àwọn méjèèjì sì ń sunkún.

Ìgbà tó yá ni Ṣìkẹ́mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú sí Rufus. "Dádì, ẹ dìde nílẹ̀. Ẹ máa lọ sílé. Bí ìbínú yìí bá yọ́ nínú mi, màá pè yín."

Rufus àti Agnes padà sí Àkúrẹ́. Fóònù rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a máa gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pè é. Ṣìkẹ́mi kò tí ì pè.