Kì í Ṣe Ìka Mi Ló Wà Nínú Orin Yẹn

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní dùùrù, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní ìyá dùùrù Ifẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. N kò lè gbé ohun tí mo ṣe wọ sàréè. Orin tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù yín, tí wọ́n kọ orúkọ mi sí, Fọláyọ̀ Lágúnjú, èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́.

Agbéraga ni mí, kí n má fi pamọ́ fún yín. Mo lẹ àwòrán àwọn obìnrin ńlá tó ti tẹ dùùrù nílẹ̀ Òyìnbó mọ́ ara ògiri pálọ̀ mi ní Mayfair, nÍfẹ̀ níbí. Ará Jámánì kan wà láàárín wọn tí mo máa ń tọ́ka sí fún àwọn ọmọbìnrin tí mo ń kọ́. Mo máa ń ní, “Ọmọ mẹ́jọ ni obìnrin yìí bí, síbẹ̀ ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń tẹ dùùrù. Ta ló wá sọ pé obìnrin ò lè dé ibi tó bá fẹ́?” Ẹnu mi dùn bí oyin nígbà náà. Ẹ ó gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Ṣàkírátù, ìyàwó Alfa Abógúnrìn ní Òkèrèwè, ló mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Rùqáyyàh lorúkọ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ní, “Ẹ bá mi kọ́ ọ, Mà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí bàbá ẹ̀ gbọ́. Gbogbo dùùrù tó ti rí láyé ẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Á ní ẹ fẹ́ sọ ọmọ òun di onígbàgbọ́ ni.” Mo gbà. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ọmọ yìí ju èmi lọ. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi wà ní Kánádà, Rùqáyyàh nìkan ló kù tí mo lè bá sọ̀rọ̀ orin kó yé e. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ìlara rẹ̀ sì ń jẹ mí lọ́kàn.

Nígbà tí àkókò tó láti gba orin mi sílẹ̀, làkúrègbé ti wọ ìka mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Solomon tó ń gba ohùn sílẹ̀ to ẹ̀rọ rẹ̀ sí pálọ̀, mo wá ní kí Rùqáyyàh tẹ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí Solomon fi dán ohùn wò. Ọmọ náà rò pé ìdánwò lásán ni. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn nínú ilé. Nígbà tó lọ tán, Solomon ní, “Mà, kí lẹ tún fẹ́ tẹ̀? Èyí ti parí.” Mo ní kó kọ orúkọ mi sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ta ló máa mọ̀?” Báyìí ni wọ́n ṣe ń yìn mí láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Rùqáyyàh gbọ́ orúkọ mi lórí rẹ̀, ojú lásán ló fi wò mí. Mo ní, “Tèmi tìrẹ kan náà ni.” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì.”

Ibi tó burú jù rèé. Rùqáyyàh fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin kan lókè òkun, kí wọ́n máa kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Orin yẹn kan náà ló fi ránṣẹ́, nítorí òun ló tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dá orin náà mọ̀ pé orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì pè wá lórí fóònù, àwa méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa lórí àga. Obìnrin tó ń bá wa sọ̀rọ̀ béèrè ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Rùqáyyàh yíjú sí mi. Ó ń fún mi láyè láti tún un ṣe fúnra mi. Mo ní, “Èmi ni.” Obìnrin náà ní kí ọmọ náà tẹ díẹ̀ kí àwọn gbọ́. Èmi ẹni ibi, mo yára ní, “Ó lè tẹ̀ ẹ́ o. Èmi ni mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa sín mi jẹ.” Wọ́n bi Rùqáyyàh bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ nílẹ̀ yìí. Ọmọ kì í là á mọ́ àgbà lójú pé irọ́ ló ń pa, pàápàá níwájú àlejò. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Bí Mọ́mì ṣe wí náà ni.” Ó kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ, kò sì padà wá mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò gbà á. Ọ̀rọ̀ náà dé Òkèrèwè pé ọmọ Alfa jí orin ẹni ẹlẹ́ni.

Láti ìgbà náà ni ilé yìí ti dákẹ́ mọ́ mi lórí. Mo máa ń tan orin náà ní ìrọ̀lẹ́, èmi nìkan, kí n lè gbọ́ ìka rẹ̀. Mo máa ń sunkún.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, mo wá a lọ sí Ìlódè, níbi tó ti ń rán aṣọ. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó dì mí mú. Ó ní, “Mọ́mì, mo ti foríjì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ sọ fún pé olè ni mí, èmi kọ́ ni màá lọ bá wọn.” Mo pe ilé-ẹ̀kọ́ náà, mo jẹ́wọ́. Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n ní ó ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá iye tí àwọn ń gbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá jù yín lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ má bá mi tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Rùqáyyàh, ó ti ṣe ìyẹn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ orin náà, tí ẹnìkan bá ní, “Ìyá Lágúnjú mà mọ dùùrù tẹ̀,” ẹ sọ fún un pé irọ́ ni. Ẹ sọ pé ọmọ Abógúnrìn ní Òkèrèwè ló tẹ̀ ẹ́, ó wà láyé, ó ń rán aṣọ ní Ìlódè.